Ìpín Ìjàpá Létí Odò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba etí odò kọjá, ó yà sí àgbàlá Ìjàpá àti Yánníbo, aya rẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, odò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, agboolé kọ̀ọ̀kan a ro ìpín tirẹ̀ nínú odò, a sì kó pàǹtírí ibẹ̀ kúrò, kí omi òjò lè rí ọ̀nà gbà. Ẹnìkan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí kì í kàn: ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Èèwọ̀ ni kí ó gbé ọkọ́. Èèwọ̀ sì ni kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìpín rẹ̀. Ta ló fi èyí lélẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bi mí. Àwọn náà kò bi ara wọn rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Ìjàpá wé aṣọ dúdú mọ́rí, ó jókòó.

Yánníbo ní, "Baálé mi, ta ló kú?"

"Àbúrò bàbá mi."

"Bàbá yín kò ní àbúrò."

"Ìdí nìyẹn tí ikú rẹ̀ kò fi ní dun ẹnikẹ́ni."

"Èbù iṣu tí a ó gbìn lọ́dún yìí wà nínú àká lẹ́yìn ilé. Bí omi bá ya wọlé ńkọ́?"

"Omi náà yóò bá wa kẹ́dùn."

Bí àwọn ẹranko ti ń kọjá pẹ̀lú ọkọ́, Ìjàpá fi ohùn ẹkún dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí, ẹ wá wò mí,
   *Ṣàn wéré, odò, ṣàn wéré.*
Ọwọ́ mi kò lè gbé ọkọ́,
   *Ṣàn wéré, odò, ṣàn wéré.*
Koríko mi, ẹ dúró dè mí,
   *Ṣàn wéré, odò, ṣàn wéré.*

Ẹfọ̀n, olórí iṣẹ́, ní, "Pẹ̀lẹ́, Ìjàpá. Ọ̀fọ̀ kò ní ṣẹ̀ ọ́ mọ́." Wọ́n kọjá lọ.

Òjò dé. Omi sáré gba ìpín gbogbo wọn, ó kan koríko Ìjàpá, ó dúró. Ó wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, ó yà sí àgbàlá. Yánníbo ké sí ará ìlú. Wọ́n gbé ọkọ́ dé.

Ẹfọ̀n dúró létí omi. "Ìjàpá, ìpín ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ nìyí. Èèwọ̀ ni. Àbí kò sẹ́ni tó kú?"

Yánníbo kò fẹ́ dójú ti baálé rẹ̀ lójú èrò. Ó kàn ń wò ó.

Ìjàpá tẹrí ba. "Ó kú díẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kú díẹ̀?"

Omi gbé èbù kan lọ. Ó gbé òmíràn. Kí Ìjàpá tó lè sọ pé, "Kò sẹ́ni tó kú," àká ti ṣófo.

Wọn kò bú u. Wọ́n wọ inú omi, Ìjàpá wà láàárín wọn, wọ́n jọ ro ìpín náà, omi sì fà.

Àwọn àgbà ní ìdí nìyí tí Ìjàpá kò fi ní oko títí di òní, tí ó fi ń jẹ kiri lóko olóko. Èmi kò lè búra sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹranko jókòó, wọ́n yẹ èèwọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé omi kò mọ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Láti ọdún náà, ìpín ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ni gbogbo ìlú kọ́kọ́ ń ro.