Ẹfúndérìn, Ẹni Tó Ṣí Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìmúlẹ̀

Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìmúlẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun ká wa mọ́ nìyí: Ẹfúndérìn, ìyá tó ṣẹ̀ wá, Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó gbé ìkókó tí a kò tíì sọ lórúkọ mọ́ra, ìkókó tó padà di ìyá ìyá mi, àwọn ìyàwó ilé wa pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn sá lọ, àti Jósáyà, olùkọ́ ìjọ, tó wà níbẹ̀ títí ewu fi dé. Mo to gbogbo wọn sílẹ̀ nítorí àwọn èrò tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nísinsìnyí. Wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á ya fọ́tò ògiri, wọn á kúnlẹ̀ nídìí sàréè Jósáyà, ẹni tó ń mú wọn kiri á sì sọ fún wọn pé Jósáyà ló gba ìlú là. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá gbọ́ irọ́. Kí wọ́n máa kúnlẹ̀, orúnkún tiwọn ni yóò máa dùn wọ́n.

Agbóguntì, olórí àwọn akónilẹ́rú, ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin wa sì ti lọ sí bùdó ogun. Agbóguntì kì í bá ènìyàn jà níbi tí iná bá ti lè bá a jà. Ní abúlé kan nítòsí wa, àwọn ènìyàn sá sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ju ògùṣọ̀ sórí òrùlé koríko, bí òrùlé sì ti gbiná, ńṣe ni wọ́n ń sáré jáde bọ́ sínú okùn rẹ̀. Ìròyìn yìí kò tíì tutù tí a fi rí eruku ẹsẹ̀ ogun nísàlẹ̀ òkè. Gbogbo ènìyàn sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí kò sí ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì náà. Jósáyà ní kí wọ́n máa kọrin.

Ẹfúndérìn kò kọrin. Adúró-gbọin bí àpáta etí odò, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í padà sẹ́yìn, ó gbójú sókè wo koríko gbígbẹ. "Ẹ gbé àkàbà wá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká ya òrùlé yìí dànù."

Jósáyà dìde. "Ìyá, ilé Ọlọ́run ni. Ta ló fún yín láṣẹ?"

Àṣà wa ló fún un láṣẹ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló mọ tirẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà, ṣùgbọ́n agbo ilé Ẹfúndérìn nìkan ló bo òrùlé. Ní Òkè-Ìmúlẹ̀, ẹni tó bo ilé ló lè ṣí i. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án.

"Olùkọ́," ó ní, "ògiri ni ti Ọlọ́run àti ti ìlú. Koríko yẹn, èmi ni mo gé e, èmi ni mo rù ú. Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?"

"Mo ń gbàdúrà, Ìyá."

"Ó dáa. Ẹ máa gbà á nìṣó, kí ẹ sì kúrò lẹ́sẹ̀ àkàbà."

Òun ló kọ́kọ́ gùn ún. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀lé e, wọ́n ń ya koríko, wọ́n ń jù ú síta, ó sì ń ga yí ògiri ká. Wọ́n da omi sí àwọn igi òrùlé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni Jósáyà ti yọ́ gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde. Arúgbó kan ké sí i pé, "Olùkọ́, Bíbélì yín rèé." Kò wẹ̀yìn.

Ẹfúndérìn kó àwọn obìnrin jọ. "Ẹ gbọ́ mi. Okùn ló wà níta. Bí ìkókó yìí bá bọ́ sínú okùn, orúkọ tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ ni yóò máa jẹ́. Amọ̀ ògiri yìí kì í jóná. Ẹ rẹ ìró yín sínú omi, kí ẹ sì dá ohun olóhun padà fún un."

Agbóguntì dé, ó rí igi òrùlé ní ìhòòhò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ilé yín kì í dé fìlà ni?"

"Ìwọ tí o dé fìlà," Ẹfúndérìn dáhùn láti orí ògiri, "kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

Àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Inú bí i, ó ní kí wọ́n sún mọ́ ògiri kí wọ́n máa ju ògùṣọ̀. Òmùgọ̀ náà kò bojú wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ògùṣọ̀ tó wọlé, àwọn obìnrin fi ìró tútù gbá a mú, wọ́n jù ú padà sórí koríko. Iná sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn akónilẹ́rú. Okùn tí wọ́n kó wá jóná. Agbóguntì fi ẹ̀wù tó ń jó sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè, a kò sì rí i mọ́ láéláé.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Jósáyà dé, ó ní òun lọ wá ìrànlọ́wọ́ àtọ̀runwá létí odò. Ẹfúndérìn kò bá a jà. Nígbà tí koríko tuntun gbó, ó bo gbogbo òrùlé, àfi ibi tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àga olùkọ́.

"Ìyá," Jósáyà bẹ̀ ẹ́, "òjò ń pa mí."

"Ẹ ṣáà mọ fèrèsé, Olùkọ́."

Abẹ́ ihò yẹn ló ti ń wàásù títí ó fi kú. Páànù ti rọ́pò koríko báyìí, ihò náà ṣì wà. Bí òjò bá dé lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ a máa wò bóyá àlùfáà tuntun yóò sún àga rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ irú ẹni tí wọ́n rán sí wa. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń gbé fóònù sókè síbẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ń gbà bà lé ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Àlùfáà tó wà lórí àga báyìí sì ti sún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun yóò fi páànù dí ihò náà pa kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé.

Tẹjúmádé, ọmọ ọmọ mi, agbo ilé wa ló ni òrùlé yẹn, ìwọ ló sì kàn láti ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbé páànù dé, má ṣe bẹ̀ wọ́n. Gun àkàbà, kí o jókòó sínú ihò náà, kí o má sì sọ̀ kalẹ̀ títí wọn yóò fi kó ẹrù wọn lọ. Bí òjò bá ká ọ mọ́ ibẹ̀, jẹ́ kó pa ọ́.