Dólísẹ̀ tí Ó Gbé Oje Igi Wọ̀ bí Aṣọ

Ní ìgbà láéláé, ní ilẹ̀ Kòríà níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé, ọba kan wà tí kì í mu omi àfi bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí májèlé ni wọ́n fi pa bàbá rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù, àìsàn ni í dà.

Lábẹ́ ọba yìí ni Dólísẹ̀ gbé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ òkúta àti irin, agbẹ́gi-bí-ẹni-kọrin, ẹni tí ó fín ẹyẹ sára igi tí ológbò ilé ń lúgọ dè é. Bí ó bá gbẹ́ àpótí tán, oje igi kan ni ó fi ń kùn ún títí yóò fi máa dán. Óòtì ni wọ́n ń pe oje náà. Kì í ṣe ọtí àmupara o! Bí ó bá gbẹ, kò léwu. Bí ó bá tutù, a máa bó ènìyàn lára. Óòtì náà ni wọ́n sì ń pe aṣọ.

Ọba ní kí ó gbẹ́ àpótí aṣọ fún ayaba. Olóyè Bẹ́ẹ̀kì, ìránṣẹ́ ọba, dé láti gbé e kí iṣẹ́ tó parí. Dólísẹ̀ ń fọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ké láti ibẹ̀ pé, “Olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù! Óòtì kò tíì gbẹ!”

Olóyè wo aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn, ó rẹ́rìn-ín. “Kí ló kàn mí nínú aṣọ rẹ?” Kí Dólísẹ̀ tó yọjú, wọ́n ti gbé àpótí lọ. Àwa Yorùbá tí à ń gbẹ́ igi tí igi sì ń gbẹ, ẹ má jẹ́ kí a fi èdè wọn rẹ́rìn-ín.

Ayaba fọwọ́ kan àpótí, ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ bó. Ọba figbe ta pé, “Májèlé!” Wọ́n de Dólísẹ̀ wá sí ààfin.

“Kábíyèsí, mo wí fún olóyè pé óòtì kò tíì gbẹ.”

“Irọ́ ni, Kábíyèsí! Aṣọ ló ń sọ. Ojú mi ló rí i lórí okùn!”

Ọba wo ọ̀kan, ó wo èkejì, kò gba ẹnì kankan gbọ́. “Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì? Ó dára. Dólísẹ̀, gbé oje rẹ wọ̀ bí aṣọ. Bí ayaba bá kú, ìwọ náà kò ní yè.”

Dólísẹ̀ dìde. “Kábíyèsí, ikú kò sí nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi. N ó gbé e wọ̀ níṣojú yín, kí ayaba lè mọ̀ pé ìyọnu ara lásán ni, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.” Ó bọ́ra sílẹ̀, ó da oje tútù tí wọ́n bá a gbé wá sórí ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ wú, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀, síbẹ̀ ọba fi ẹ̀ṣọ́ tì í, kí ó má baà lo oògùn ní kọ̀rọ̀. Inú ń bí mi sí ọba yẹn títí di òní.

Ayaba ló kọ́kọ́ gbádùn. Ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ, ó ní, “Mo yè. Ta ni ẹ tún ń fura sí?” Ọba ní kí wọ́n tú Dólísẹ̀ sílẹ̀. Dólísẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò là mọ́. Nígbà tí ọba fi aṣọ sẹ́dà tù ú lójú, ó dá a padà: “Ẹ bá mi kí Kábíyèsí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀ mí ṣì wà lára mi.”

Àfọwọ́bà ni ó fi ń gbẹ́gi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọba fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí òfìfo kan sórí ibojì akọni náà. Níwájú àpótí yẹn ni wọ́n ti ń dájọ́ nílùú náà, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi níbẹ̀ láìkọ́kọ́ bi í nípa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pé, “Èwo lo ní lọ́kàn?”