Bí Ìjàpá Ṣe Pa Ohùn Àwọn Àgbà Rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fà mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ ibí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó kọjá lọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó balẹ̀ sórí Ìjàpá.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí igbó ṣì dùn ún gbé, àwọn ẹranko ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Inú ahéré kan lẹ́bàá odò ni wọ́n gbé e sí. Ètò àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Línúùsì ló ń darí rẹ̀. Kò yára, ṣùgbọ́n kì í já ni kulẹ̀. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà tó ti lọ wà. Tí oòrùn bá ń wọ̀, wọn a tàn án. Ìyá ìyá Ehoro a máa kọrin, bàbá Ẹfọ̀n a máa pìtàn. Àwọn ọmọ a tẹ́tí sílẹ̀. Omi a lé ròrò lójú àwọn àgbà. Ìgbà yẹn mà dára o.

Àgbọ̀nrín, opó tó ń tọ́jú ahéré náà, ní ọmọbìnrin kan tó ti lọ sí igbó òkèèrè. Ọmọ náà máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n irú tuntun ni ohùn náà. Kọ̀ǹpútà wọn kò lè ṣí i.

Àgbọ̀nrín lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé a ò lè fi ètò tuntun pààrọ̀ ti inú rẹ̀ ni?"

"Ìyá, tí a bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, àwọn àgbà ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ètò àtijọ́ yìí nìkan ló lè ṣí ohùn wọn. Ẹ jẹ́ kí n mú ètò kékeré tó ń ṣí ohùn tuntun nìkan. Màá gé e, màá tún un rán, títí yóò fi bá ti àtijọ́ mu. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa sílé. Orí ìyẹn ni màá ti kọ́kọ́ dán an wò."

"Ṣé kò ní pẹ́?"

"Á pẹ́ díẹ̀, Ìyá."

Àwọn ẹranko fẹnu kò pé ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú iṣu wá fún ẹni tó bá ṣe é. Ìjàpá gbọ́ iṣu, itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó tọ Àgbọ̀nrín lọ.

"Ìyá, ẹ kú àárò ọmọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fi yín ṣeré ni. Kí iṣu tó jiná lórí iná, ọmọ yín á ti máa bá yín sọ̀rọ̀."

"Ìjàpá, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Àárò ọmọ kì í jẹ́ kí ìyá rò ó jinlẹ̀. Àgbọ̀nrín ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìjàpá ò gé, kò rán. Ó gbé ètò tuntun tòun tìpìlẹ̀ rẹ̀, ó ń rọ́ ọ wọnú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun yọ ìpìlẹ̀ àtijọ́. Ìjàpá ní kó yọ ọ́. Ó tún bi í. Ìjàpá ní, "Yọ ọ́, jàre."

Ni ohùn bá jáde: "Ìyá mi, ṣé ẹ wà dáadáa?"

Àgbọ̀nrín jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Wọ́n kó iṣu fún Ìjàpá. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, àwọn ọmọ péjọ láti gbọ́ àwọn àgbà. Ehoro tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri. Ohùn ọmọ Àgbọ̀nrín pàápàá ti lọ, nítorí ìpìlẹ̀ tuntun náà kò bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu.

"Ìjàpá, kí lo ṣe?" Ẹfọ̀n ló bi í.

Iṣu kún ẹnu rẹ̀. "Mo kàn fi tuntun sí i ni."

Wọ́n gba ìyókù iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ahéré náà mọ́. Ó fa orí wọ ìkarahun, ó ń wọ́ lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹ̀dà tó wà nílé rẹ̀ wá. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Àwọn àgbà tún sọ̀rọ̀. Ọmọ Àgbọ̀nrín náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ṣe ẹ̀dà ni wọ́n gba orin ìrẹmọ́lẹ́kún Bàbá Erin sílẹ̀, bàbá náà sì ti kú. Orin yẹn lọ pátápátá.

Àgbọ̀nrín doríkodò. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn."

"Ìyá," Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "ẹ jẹ́ kí a fẹnu kọ ìwọ̀n tí a rántí nínú orin náà."

Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé àárín, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn ń kùn ún lábẹ́ imú.

Ibi tí ìdí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé: tuntun dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọnú àtijọ́, kó rọra. Ọ̀kánjúwà ló ń hú ìpìlẹ̀ nítorí òrùlé. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó sùn, ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè orin tí wọ́n mọ̀.