Ibi Tí Kúyẹ̀ Ì Bá Jókòó Sí

"A di ẹrù kún pákó, níbo la ó gbé ẹja sí?" Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí ẹnì kan bá di àpótí ńlá mẹ́ta fún ìrìn àjò tí kò ní ju ọjọ́ kan lọ, a ó fi dá a lẹ́rìn-ín. Bí ìyàwó ilé bá to ìkòkò àti àwo kún ilé ìdáná títí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ráyè yípo, ọkọ rẹ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì pa á fún un. A máa ń pa á, a máa ń rẹ́rìn-ín, a sì máa ń bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja rárá? Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ tán, bóyá ẹ̀rín wa yóò dín díẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Ìdó-Ọ̀sà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ oko. Bí o bá gbin iṣu síbẹ̀, akàn ni yóò bá ọ wú u. Ẹja ni wọ́n ń pa jẹ, ẹja náà ni wọ́n ń tà. Koríko odò kún iwájú ìlú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè ráyè kọjá, nítorí náà pákó ni wọ́n ń lò. Igi arère tó fúyẹ́ ni wọ́n máa ń là, wọn a fá a títí yóò fi pẹlẹbẹ, yóò gùn ju èèyàn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ní ju ẹní ọmọdé lọ. Apẹja yóò dúró lé e lórí, yóò sì fi àjẹ̀ gígùn tì í lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé orí omi ló ń rìn.

Wọ́n ní àṣà kan lórí pákó yìí. Bí agbẹ́gi bá ti gbẹ́ ọ̀kan tán, yóò fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sí apá iwájú rẹ̀, kí ibi tó kù níwájú ìlà náà lè gba èèyàn kan ní ìjókòó. Èèwọ̀ ni kí apẹja gbé ohunkóhun kọjá ìlà yẹn nígbà tó bá ń jáde lọ. Wọ́n ní ohun tí odò bá fún ọ ló ni ibẹ̀. Wọn kì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀dọ́ kì í sì í béèrè, nítorí pé gbogbo wọn rò pé ẹja ni odò ń fúnni.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dáísí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè gbàgbé ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, ọ̀bọ̀kún kan tó tóbi bí ọmọ tó ń rìn gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Dáísí fà á, ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ pákó, ojú rẹ̀ àti ojú ẹja ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀kọ̀ dání tí yóò fi gún un. Okùn já. Ẹja lọ, ó ku ìtàn. Ìlú sì wá rí ohun tí wọ́n ó máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí Dáísí bá ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò na ọwọ́ méjèèjì láti fi bí ẹja náà ṣe gùn tó hàn án. Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá délé, yóò ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun kan ṣoṣo ni mi ò mú dání," ni yóò máa wí fún Ẹfúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀ tó bí Ṣẹ́gi fún un. "Ohun kan péré."

Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun èlò jọ. Ó ra ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ó ra àwọ̀n olójú wínníwínní, ó tún ra olójú ńlá, nítorí pé ta ló mọ irú ẹja tí yóò bá pàdé? Ó hun ìgèrè tirẹ̀ tí ẹja yóò máa kó sí. Ó wá òkúta ìdákọ̀ró tó wúwo, ó wá igbá ìdẹ tó ní ọmọrí, ó tilẹ̀ wá ìkòkò kan tí yóò máa dá iná sí lójú omi, nítorí pé ó rí ẹnì kan tó ń yan ẹja jẹ lórí pákó lọ́jọ́ kan. Ohunkóhun tó bá rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí yóò fi ní tirẹ̀. Kò sí èyí tí kò wúlò nínú wọn, bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Kúyẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, odò kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n Kúyẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Ẹfúnyẹmí, nítorí náà láti ọjọ́ tí Dáísí ti fẹ́ ẹ ni ó ti ń fi "ẹ̀yin" bá Kúyẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tí Kúyẹ̀ sì ń gbádùn rẹ̀ bí ẹni jẹ oyin. Ohun èlò ti Kúyẹ̀ kò ju okùn ìwọ̀ kan lọ, àti apẹ̀rẹ̀ kékeré, àti ọ̀bẹ kan tó máa ń so mọ́ ìbàdí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àwọn méjèèjì jọ dé etí omi. Dáísí to ẹrù rẹ̀ sórí pákó, ó tò ó títí tí kò fi ku ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò dúró sí dáadáa. Ó wá fi okùn ìko tuntun dì í mọ́ra pinpin. Ẹni tí ẹja ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò fẹ́ kí ìkòkò tún bọ́. Kúyẹ̀ fi ọwọ́ lérán, ó ń wò ó.

"Àna mi, ṣé ò ń kó kúrò nílùú ni, àbí ẹja lò ń lọ pa?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohunkóhun tí mo bá nílò lónìí, ó wà níbí."

"Mo gbọ́. A di ẹrù kún pákó, níbo la ó gbé ẹja sí?"

Gbogbo àwọn tó wà létí omi rẹ́rìn-ín, Dáísí náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Kúyẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo pákó náà dáadáa, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Dáísí, o ti gbé ìkòkò àti òkúta kọjá ìlà."

"Bí ẹja bá dé, màá tú u. Ṣé ẹja á ní òun ò lè dúró ni?"

Kúyẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá àna rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lójú àwọn èèyàn. Ó gbé pákó tirẹ̀ sómi. Ohun tó dun Dáísí títí ọjọ́ ikú rẹ̀ nìyẹn: ó ráyè tú u, kò tú u. Etí ilẹ̀ ni wọ́n ṣì wà, ìkòkò náà kò sì wúwo.

Dáísí ló ní kí àwọn kọjá koríko lọ sí ojú ibú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀bọ̀kún ńlá ń gbé. Wọn kò tíì rí ẹja kankan pa tí ìjì fi dé. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í kanlẹ̀kùn. Omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ di òkìtì òkìtì, ìgbì kan sì gbé pákó Kúyẹ̀ sókè, ó da òun fúnra rẹ̀ sómi, etí pákó náà gbá a léjìká, ọwọ́ rẹ̀ kan rọ, afẹ́fẹ́ sì gbé pákó náà lọ. Kò sí ẹni tó mọ odò wẹ̀ tó Kúyẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò wẹ odò. Ọwọ́ kan yẹn náà ló fi wẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Dáísí. Ó na ọwọ́ sí iwájú pákó, níbi tí gbogbo ọmọ Ìdó-Ọ̀sà mọ̀ pé àyè wà. Ìkòkò ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Pákó arère lè gbé èèyàn méjì délé, bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n pákó Dáísí ti gbé èèyàn méjì tẹ́lẹ̀: Dáísí àti ẹrù rẹ̀. Bí Kúyẹ̀ ṣe dì í mú, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi sì bò ó.

"Kúyẹ̀, dì í mú," ni Dáísí wí. "Má jù ú sílẹ̀. Mò ń tú u." Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n ti kúrò lẹ́nu rẹ̀; ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ló ń pè.

Okùn ìko tó ti mu omi kì í ṣe é tú. Ó fa ibí, ó fa ọ̀hún, ìdì náà ń le sí i. Ó wá ọ̀bẹ rẹ̀. Ọ̀bẹ wà lábẹ́ àwọ̀n méjèèjì, lábẹ́ ìgèrè. Ti Kúyẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ omi, ọwọ́ kan ṣoṣo tó lè lò ló sì fi di pákó mú. Gbogbo ohun tí apẹja lè ní ló wà lórí pákó yẹn, kò sì sí ọ̀kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó nínú wọn. Ó kúnlẹ̀, ó fi eyín bọ okùn. Bí Kúyẹ̀ bá ti gbìyànjú láti gun òkè ni pákó náà yóò fì bí ẹni pé yóò dojú dé, Kúyẹ̀ yóò sì tún sọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Rọra, àna mi," ni Kúyẹ̀ wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Rọra. Àbúrò mi wà nílé."

Dáísí tún tẹ orí ba okùn. Ibi tó ti ń bù ú jẹ ló ti rí i pé pákó kò fì mọ́. Ó dúró gbọọrọ lójú ìgbì. Bó ṣe mọ̀ pé Kúyẹ̀ ti jù ú sílẹ̀ nìyẹn, kó tó gbé ojú sókè.

Ó padà rí ọ̀bẹ náà. Ó gé gbogbo rẹ̀ dànù, ìkòkò, òkúta, ìgèrè, ọ̀kọ̀, àti àwọ̀n méjèèjì, ó sì ń pe Kúyẹ̀ títí ìjì fi rọlẹ̀. Iwájú pákó rẹ̀ ṣófo gẹ́gẹ́ bí àṣà ti wí nígbà tó gúnlẹ̀. Ẹfúnyẹmí ti ń dúró létí omi.

"Bàbá Ṣẹ́gi, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Mo gbé ìkòkò sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá jókòó sí."

Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ iwájú pákó, ní ọ̀hún ìlà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n rí òkú Kúyẹ̀ nínú koríko. Ẹfúnyẹmí kò kọ Dáísí sílẹ̀, kò sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú u rí títí wọ́n fi darúgbó. Ì bá sàn fún Dáísí bó bá bú u.

Okùn kan àti ọ̀bẹ ìbàdí ni Dáísí fi pa ẹja títí agbára rẹ̀ fi tán. Nígbà tó dàgbà, etí omi ló máa ń wà láràárọ̀. Bó bá rí ọ̀dọ́ tó gbé nǹkan kọjá ìlà, yóò tọ̀ ọ́ lọ, yóò fẹ́ bi í pé níbo ni yóò gbé èèyàn sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í jáde. Èyí tí Kúyẹ̀ fi bá a ṣẹ̀fẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu: "A di ẹrù kún pákó, níbo la ó gbé ẹja sí?" Ọ̀dọ́ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó bá wá rí ojú bàbá náà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì máa tú ẹrù.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà a máa pa á fún ẹni tó ń kó ohun èlò jọ títí tí ohun tó torí rẹ̀ kúrò nílé kò fi ní ráyè mọ́, bíi bàbá tó ń torí ọmọ ṣiṣẹ́ títí tí kò fi mọ ohùn ọmọ náà yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Ẹja ni wọ́n ń dárúkọ, nítorí pé ẹja ni Kúyẹ̀ dárúkọ, ọ̀rọ̀ èèyàn sì wúwo jù fún Dáísí láti sọ. Nítorí náà, bí àgbà kan bá pa á fún ọ, má dá a lóhùn, má sì rẹ́rìn-ín. Wo iwájú pákó rẹ, kí o sì gbé ìkòkò náà sílẹ̀ nígbà tí o ṣì wà létí ilẹ̀.