Ọ̀gá Tó Fẹ́ Sọ Mosúnmọ́lá Lórúkọ

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ kan nílùú òyìnbó sọ fún Mosúnmọ́lá lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Orúkọ ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú ti le jù. Láti òní, Méérì lò ń jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ sílé." Mosúnmọ́lá ṣẹ́jú sí Bríjẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kíá, Bríjẹ́ẹ̀tì gbé ìgò oyin tí wọ́n fi ń mu tíì wá. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá mi. Nílé wa, ẹni tó bá sọni lórúkọ ti di bàbá ẹni. Ẹ fi oyin kàn mí lẹ́nu, kí ẹ ṣàdúrà fún mi." Bríjẹ́ẹ̀tì náà kúnlẹ̀: "Ẹ sọ èmi náà, bàbá. Bí ẹ bá lé e, ọmọ méjì lẹ lé." Ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, dúdú àti funfun, bá tò sẹ́yìn wọn. Òógùn bo ọ̀gá. Ó ní, "Mosúnmọ́lá, jọ̀ọ́, dìde." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín: ó pe orúkọ náà já geere bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú.