Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Gbẹ̀san Etí Àyọ̀ká nínú Igbó Dákẹ́rọ́rọ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, nítorí n kò ní pariwo sọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ dé òpin, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Òkè-Ìtẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba tó bí baba rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ọdẹ oníhàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọdẹ yòókù ń gbé ìbọn tó bá kọ̀ tí kò dún wá. Yóò tú u palẹ̀ sórí ẹní, yóò máa wo irin kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń wo ojú ọmọ tuntun, títí yóò fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Bí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Àyọ̀ká ni ìyàwó rẹ̀. Bí Ọdẹ́gbàmí bá ń ti igbó bọ̀, tó ṣì wà lẹ́yìn oko kòkó, Àyọ̀ká ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìdí ààrò, ó sì ti gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ó tiẹ̀ máa ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó wọlé, yóò ní, “Ẹsẹ̀ yín fúyẹ́ lónìí, baálé mi. Ẹran ò sí lápò nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí.

Ní ọjọ́ kan Àyọ̀ká lọ wá olú ní ẹ̀bá Igbó Dákẹ́rọ́rọ́. Igbó yìí dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló mú un dákẹ́. Iwin kan ń gbé inú rẹ̀ tó ń jẹ́ Akérara. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ fún àlejò, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu kànga. Kò níṣẹ́ méjì ju igbe lọ. Ẹyẹ ti sá fún un, ọ̀bọ ti kó lọ, àní kòkòrò tó kù níbẹ̀ ń fi ọgbọ́n rìn. Akérara yọ́ tẹ̀lé Àyọ̀ká lẹ́yìn, ó gbé ẹnu lé e létí ọ̀tún, ó sì ké. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo kàn ń bá ọ ṣeré ni!”

Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí dé lọ́jọ́ náà, omi kò sí lórí iná. Àyọ̀ká kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣa iyanrìn kúrò lára olú. Ó pè é, kò dáhùn. Ó tún pè é, kò yíjú. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, obìnrin náà sì fò sókè, gbogbo olú dànù. Etí ọ̀tún ti kú pátápátá. Ti òsì kù díẹ̀, bí ohùn ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kànga. Láti ọjọ́ náà, bí Ọdẹ́gbàmí bá dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ gìdìgìdì, kí ilẹ̀ lè sọ fún ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ ti dé. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń kilẹ̀ báyìí, inú rẹ̀ á máa hó bí epo tó gbóná. Èyí tó wá burú jù ni pé Akérara ti sọ ọ́ di orin. Láti inú igbó ni a ti ń gbọ́ ọ: “Mo bá ìyàwó ọdẹ ṣeré, kò mọ eré!”

Ọdẹ́gbàmí ní, “Bí mo bá pa á, kò ní mọ bí dídití ṣe ń rí. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́.”

Ó kó ọdẹ mẹ́sàn-án jọ, òun ṣe ìkẹwàá. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n rọ sínú ìbọn, láìsí ọta, bí àwọn ọdẹ ti ń ṣe níbi ìsìnkú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n dúró ní etí odò, Akérara sì jókòó sórí àpáta lódìkejì, ó ń fẹ́ etí rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kọ́kọ́ yin tirẹ̀ nìkan láti fi dán an wò.

Akérara ní, “Ṣé ikọ́ ló ń ṣe ọ́ ni, àbí ìbọn nìyẹn?”

Ni àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá yìn ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín bo odò. Nígbà tí ó ká kúrò, Akérara ń fi ìka họ etí, ó ní, “Ẹ wo bí ẹ ṣe pọ̀ tó! Mélòó lẹ yìn? Méjì?”

Ọdẹ́yalé, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọdẹ́gbàmí, gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. “Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀tù mi ti tán, ojú sì ti tì mí. Mò ń lọ ilé lọ jẹun.” Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́gbàmí dúró. Ìbínú mú un dúró, nǹkan mìíràn sì tún mú un dúró: etí òun náà ti gbọ́ bí iwin náà ṣe gbọ́. Ìbọn mẹ́wàá dún, kò sì dún bí ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ìlọ́po méjì ni. Kí ló dé? Ó sọdá odò, ó wọ inú igbó.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń gbọ́ ìró ìpéǹpéjú ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹ́jú. Ó rìn títí tó fi dé ìdí àràbà ńlá kan. Àkàbà kan dúró níbẹ̀ tó ga ju igi náà lọ, abà àgbàdo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, arúgbó iwin obìnrin kan sì jókòó láàárín méjèèjì. Kò ga ju ìkòkò omi lọ, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí aṣọ bá ń fara ra aṣọ.

Ó ní, “Má fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ọmọ ọdẹ. Ariwo rẹ ń dùn mí létí.”

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, Akérara fọ́ ìyàwó mi létí. Ẹ sọ bí mo ṣe máa fọ́ tirẹ̀ fún mi.”

“O ò tiẹ̀ kí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ etí fífọ́.”

“Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ kú ìjókòó.”

“Hẹn-ẹn. Ìyá Àkàbà ni wọ́n ń pè mí. Ohùn gbogbo tó wà láyé ní ìpele tirẹ̀ lára àkàbà yìí. Ṣùgbọ́n èmi kì í bi etí léèrè bí ohùn ṣe lágbára tó, nítorí etí ò mọ ìṣirò. Àgbàdo ni mò ń bi. Fi hóró kan sí ìdí àkàbà. Ìyẹn ni ohùn tó kéré jù tí ènìyàn lè gbọ́. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, fi ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Gùn ún dé ìpele kẹfà, níbi tí ènìyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí o bá dé ibẹ̀, màá dá ọ lóhùn.”

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín sínú, ó rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ó gbé hóró mẹ́wàá sí ìpele kìíní: èémí ẹni tó sùn. Ọgọ́rùn-ún sí ìkejì: ewé tó ń já bọ́. Ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lásán. Ẹgbẹ̀rún sí ìkẹta: ọ̀rọ̀ tí a sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó gba igbá kan. Ìkẹrin gba apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ti ìkarùn-ún dé ibẹ̀, àpò kan gbáko ló rù lórí. Ó bojú wo ìkẹfà, ó wo abà, ó sì jókòó.

“Ìyá, àpò mẹ́wàá bí irú èyí nìyẹn. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?”

“Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Etí ń gbé gbogbo rẹ̀ láìráhùn, á sì sọ fún ọ pé ìpele mẹ́fà péré ni òun gùn. Ìpele kan, etí á ní ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àgbàdo á ní ó di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìpele kẹsàn-án ni ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo wà. Ìbọn tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wà ní ìkẹrìnlá. Ìbọn mẹ́wàá wá ńkọ́?”

Ọdẹ́gbàmí ka ìka rẹ̀. “Ìlọ́po mẹ́wàá... Ìpele kan ṣoṣo! Ìyẹn ni iwin náà ṣe ní méjì!” Ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. “Kí n tó tún gun ìpele kan sí i, mo nílò ọgọ́rùn-ún ìbọn. Níbo ni mo ti máa rí ọgọ́rùn-ún ọdẹ?”

“Ta ló ní kí o wá wọn? Báwo ni Akérara ṣe ṣe ti ìyàwó rẹ?”

Ọdẹ́gbàmí ní, “Ó gbé ẹnu lé e létí.”

“Ó gbé ẹnu lé e létí,” ni Ìyá Àkàbà wí. Ó bu àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sí ojú ilẹ̀ kékeré, ó ki pọ̀. Ó tún fi ọwọ́ tú u ká, àgbàdo náà sì fọ́nká. “Ohùn ń tàn ká bó ṣe ń jìnnà. Bí o bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, àgbàdo kan náà ló máa bo ilẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá jìnnà ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ló máa bò.”

“Bí mo bá wá ti ọ̀pá mẹ́wàá sún dé ọ̀pá kan...” Ojú rẹ̀ là. “Ọgọ́rùn-ún! Ìpele méjì, pẹ̀lú ìbọn kan ṣoṣo!”

“O gbọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́tí. Koríko wẹ́wẹ́ wà nínú etí, ohùn sì ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ ẹ. Bí atẹ́gùn bá rọra fẹ́, yóò tẹ̀, yóò sì dìde. Bí ìjì bá jà, yóò ṣẹ́, kò sì ní hù mọ́. Bí o bá wà nítòsí etí rẹ̀, etí tìrẹ náà wà nítòsí.” Ó fún un ní ìda oyin àti òwú àràbà. “Èyí á yọ ìpele mẹ́ta kúrò fún ọ. Kò ní yọ gbogbo rẹ̀.”

“Ti Àyọ̀ká ńkọ́, ìyá? Ṣé koríko tirẹ̀ á hù?”

“Kò ní hù.”

Ọdẹ́gbàmí dìde. “Ti Akérara náà kò ní hù nígbà náà.”

Ó bá a lórí àpáta rẹ̀. Ó ti rọ ẹ̀tù lásán sínú ìbọn, ó ti fi ìda àti òwú dí etí, ṣùgbọ́n Akérara kì í sọ ọ̀rọ̀ tí òwú lè dá dúró.

“Baba oníkọ́! O tún dé?”

Ọdẹ́gbàmí jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, láti ìpele kẹta.

“Kí lo ń wí? Sọ ọ́ sókè!”

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ètè rẹ̀ ló ń mì. Akérara ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí; gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló ti sá kúrò nítòsí rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó gbọ́ “ọba ohùn”, inú rẹ̀ dùn, ó tún sún mọ́ ọn. Ó gbọ́ “kò sí irú rẹ”, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta, ó tẹ orí, títí etí rẹ̀ ńlá méjèèjì fi bo ẹnu ìbọn bí aṣọ tí a sá.

Ó béèrè pé, “Ta ni ọ́, ìwọ tó mọyì mi tó báyìí?”

“Ọkọ Àyọ̀ká ni mí.”

Akérara ronú. “Àyọ̀ká wo?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló pa ìwọ̀nba àánú tó kù. Ọdẹ́gbàmí ní, “Èyí tí o bá ṣeré,” ó sì yin ìbọn.

Akérara ṣubú, ó dìde, ó yí po. Ó la ẹnu rẹ̀ gbayawu, ó ké débi pé ewé ń já bọ́ lórí igi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. “Ohùn mi! Ta ló jí ohùn mi?” Ó tún ké, ó tún ké, ó ń wá ohùn rẹ̀ káàkiri lábẹ́ òkúta. Ọdẹ́gbàmí fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Akérara sì fò sókè, gẹ́lẹ́ bí Àyọ̀ká ṣe fò sókè lọ́jọ́ olú. Inú ọdẹ dùn, ó dùn dénú egungun. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Mo kàn ń bá ọ ṣeré ni!”

Akérara ń wo ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọdẹ́gbàmí tún un sọ, ó pariwo rẹ̀, kò sì sí etí tó máa gbà á. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà sínú.

Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Ìyá Àkàbà, ó ti yọ ìda kúrò létí. Ó rí ètè ìyá náà tó ń mì. Kò gbọ́. Ìyá náà nawọ́ sí àwọn ìpele ìsàlẹ̀ àkàbà, ó sì mi orí.

Ó dé ilé, ó kilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká jáde. Ó mú ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ sí etí òsì.

“Ṣé ó dùn ún?” ni Àyọ̀ká béèrè.

“Ó dùn ún gan-an.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Ó yíjú sí ààrò, ó sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́, ó ń retí èsì. Èsì ò wá. Ó yíjú padà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. “Ẹ̀yin náà, baálé mi?”

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan nínú wọn bá ń wọlé, á kilẹ̀ fún èkejì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn onímọ̀ òde òní ń wọn ohùn pẹ̀lú àkàbà yìí náà. Dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n ń pè é, ìpele kan sì jẹ́ dẹ́síbẹ́lì mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tó ń wọ etí yín jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ẹnu, bí etí tilẹ̀ ní ìpele mẹ́ta péré ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ sí ẹnu agbóhùnsókè, ẹ gbé e jìnnà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn ariwo, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ̀san, kó kọ́kọ́ wọn bí òun alára ṣe sún mọ́ ọn tó.

Ó tó. Ẹ dìde jẹ́jẹ́. Ewé gbígbẹ pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí wọn, kó máa gbọ́ ọ títí dé ilé.