Ohùn Tó Wà Nínú Àká

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Iléṣà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Yàrá kan ṣoṣo ló gbà lókè ilé alájà kan, tábìlì méjì ló wà níbẹ̀ àti fáànù kan tó ń pariwo, òun nìkan sì ni ọ̀gá, òun náà ni òṣìṣẹ́. Ó ń ṣe ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn iléèwé, ó ń to fídíò ìsìnkú àti ti ìkómọ, ó sì ń kọ àwọn ètò kéékèèké tí èèyàn lè fi sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Bó bá bá ọ ṣe nǹkan, wàá mọ̀ pé ó ṣe é dénú. Mo tètè ń sọ èyí kí o má baà rò pé ìtàn èèyàn burúkú ni mo fẹ́ sọ. Èèyàn burúkú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ohun tó sì ń dùn mí nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nínú àwọn ètò rẹ̀, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Àká. Ohun tí Àká ń ṣe kò le. Bí o bá ní ohùn tàbí àwòrán tàbí fídíò tí o kò fẹ́ kó sọnù, inú rẹ̀ ni wàá kó o sí, á sì bá ọ tọ́jú rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì gun àtẹ̀gùn wá bá ọkùnrin yìí lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, ó mú fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló ni fóònù náà, wọ́n sì ti sin ọmọ ọ̀hún lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Kó tó kú, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, kí ìyá náà fúnra rẹ̀ má gbọ́ ọ, àfi lọ́jọ́ tí Morẹ́nikẹ́ bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé etí ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí.

"Níbo ni n ó fi í sí tí kò fi ní sọnù?" ni ìyá agbẹ̀bí bi í.

Oníkọ̀ǹpútà náà fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù yẹn. Nítorí ohùn kan ṣoṣo yìí ló ṣe jókòó kọ Àká. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́, ó fa ohùn náà jáde láìgbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀, ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà ìyá. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ibi tí mo fi í sí yìí, kò lè sọnù mọ́." Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni fóònù ojú fífọ́ ọ̀hún kú pátápátá. Wọn ò tiẹ̀ ka ikú rẹ̀ sí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wà ní Àká.

Láti ìgbà náà ni àṣà kan ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í tán. Gbogbo ìgbà ni yóò máa tún un ṣe, tí yóò sì máa fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí oníkọ̀ǹpútà yìí tó fi àtúnṣe Àká ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ilé ìyá agbẹ̀bí ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Á jókòó sí pálọ̀, ìyá á bu ẹ̀pà sísè síwájú rẹ̀, òun á fi àtúnṣe náà sórí kọ̀ǹpútà àgbà yẹn, á sì máa wo ọwọ́ ìyá bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè méjì ni ìyá máa ń bi í. "Kí ni èyí á ṣe fún mi?" Bó bá ti dáhùn ìyẹn tán, ìyá á tún ní, "Kí ni á mú lọ lọ́wọ́ mi?" Ìbéèrè kejì yìí a máa pa á lẹ́rìn-ín. Á ní, "Mọ́mì, kò ní mú nǹkan kan lọ." Ìyá á ní ó dáa, kó jẹ ẹ̀pà rẹ̀ kó tó tutù.

Ohun kan wà tí oníkọ̀ǹpútà kò mọ̀ ṣá. Láràárọ̀, bí ìyá bá ti gbàdúrà tán, á tan kọ̀ǹpútà, á ṣí Àká, á wo orúkọ tí wọ́n fún ohùn yẹn, níbi tó wà lókè pátápátá: Fún Morẹ́nikẹ́. Kò ní tẹ̀ ẹ́. Á kàn wò ó, á ní, "O jíire o, ọmọ mi," á sì pa kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń ṣe é fún ọdún méjìlá nìyẹn. Àwọn àárọ̀ kan wà tí àárò ọmọ rẹ̀ á sọ ọ́, tí á máa wù ú kó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan péré, kódà bó jẹ́ pé ikọ́ ló wú níbẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ó ti ṣèlérí.

Àká wá gbilẹ̀. Àwọn ará Òṣogbo ń lò ó, àwọn ará Àkúrẹ́ ń lò ó, àwọn tó wà lókè òkun pàápàá ń kó ohùn bàbá wọn sínú rẹ̀. Àtúnṣe tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún di olóṣooṣù. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, oníkọ̀ǹpútà kò lè dé ilé ìyá, ó fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kò bàjẹ́. Nígbà tó tún yá, ó ń kánjú, kò lọ, nǹkan kan kò bàjẹ́ náà. Báyìí ló ṣe jẹ́ tí kò yọjú síbẹ̀ mọ́ fún odindi ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀ o." Ìyá á ní, "Ẹ̀pà rẹ wà níbẹ̀." Kò sí ìjà láàárín wọn, ọwọ́ ọkùnrin náà kàn dí ni. Ìwọ náà mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń dí.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé Àká ti wúwo jù, pé ó ti gba gbogbo àyè orí fóònù àwọn. Oníkọ̀ǹpútà ronú sí i, ó sì kọ irinṣẹ́ kan mọ́ ọn, ó pè é ní Ìgbálẹ̀. Ohunkóhun tí ẹni tó ni ín kò bá tẹ̀ kó ṣí fún ọdún méjì, Ìgbálẹ̀ á gbá a dànù, á sì tẹ́ ojú ibẹ̀ pẹrẹsẹ kí nǹkan tuntun lè rí àyè jókòó. Ó kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó gbá àwòrán ìdíje eré ìdárayá iléèwé kan dànù, ó gbá àwọn fídíò tó ti gbàgbé pé òun ní, ara kọ̀ǹpútà sì fúyẹ́. Ó kọ àkíyèsí onílà mẹ́jọ tí yóò bá àtúnṣe náà lọ. Ìlà kẹfà ló sọ pé Àká yóò máa kó ohun tí ẹ kò lò mọ́ dànù. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó tẹ bọ́tìnnì, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Kò rántí ìyá, kò rántí ìbéèrè rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pásítọ̀ kan ní Òṣogbo tiẹ̀ ní ńṣe ni fóònù òun dà bí èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tọ́ kí inú rẹ̀ dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá agbẹ̀bí gun àtẹ̀gùn náà wá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú ìborùn. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó tú u, ó dúró kí èémí rẹ̀ balẹ̀.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Mi ò rí i mọ́."

Kí ọkùnrin náà tó fọwọ́ kàn án ló ti mọ̀. Gbogbo irinṣẹ́ tó ní ló lò sí i, lọ́jọ́ náà, ní Sátidé, àti ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Ó mà ṣe o, òun fúnra rẹ̀ ló kọ Ìgbálẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí Ìgbálẹ̀ bá gbá kì í padà wá. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni ibi tí Àká ti kọ orúkọ àti gígùn ohun gbogbo tó bá wọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni: Fún Morẹ́nikẹ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nígbà náà ló rántí pé ohun àkọ́kọ́ tí òun fi sínú Àká láyé nìyẹn.

Ní Mọ́ńdè, ó lọ sí ilé ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le fún un débi pé ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. "Mo kọ ọ́ sínú àkíyèsí, Mọ́mì. Ó wà níbẹ̀." Ó sì na fóònù rẹ̀ sí i kó lè rí i.

Ìyá gbé awò rẹ̀ sójú. Ó ka ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìkánjú, ó wá gbé ìka lé ìkẹfà.

"O kọ ọ́ síbí pé ohun tí mi ò lò mọ́. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lò ó? Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó."

Ìyá yọ awò kúrò lójú, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Orúkọ rẹ ni mo rí lára àtúnṣe náà tí mo fi gbà á wọlé. Mo ní ọmọ mi ló fi ránṣẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbọ́ ọ. Ǹ bá ti há a sórí, ǹ bá rí nǹkan sọ fún ọmọ yìí. Ìlérí tí mo ṣe fún òkú ni mo ń pa mọ́." Ó sunkún títí, ọkùnrin náà sì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìyá dákẹ́, kò ṣépè. Ó kàn ní, "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Ọjọ́ ìbí náà kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí i. Láti kékeré ni Morẹ́nikẹ́ ti mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ìyá òun yóò bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó ti dirun, ó ti lọ aṣọ rẹ̀, ó múra bí ẹni tí ìyá rẹ̀ máa rí. Oníkọ̀ǹpútà jókòó sí etí àga, ó sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, kò fi àkíyèsí kankan gbèjà ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé ẹ̀yin gbọ́ ọ rí, sà?"

"Rárá."

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Wọn ò gbọ́ ọ."

Ọmọ náà tún bi í pé, "Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi aago sí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó fún iye yẹn," ló wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ẹnì kan ń lọ ata nílé kejì, adìyẹ ń ké lẹ́yìnkùlé. Ó tó ìṣẹ́jú keje kí oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tí aago dún, ọmọ náà dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìyá agbẹ̀bí bu ẹ̀pà sísè síwájú ọkùnrin náà bíi ti àtijọ́. Kò lè jẹ ẹ́.

Ó ti yọ Ìgbálẹ̀ kúrò nínú Àká báyìí. Kò sì sí àtúnṣe tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tí kì í kọ́kọ́ gbé lọ jókòó sí pálọ̀ ẹnì kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó ti ń rọra ṣe nǹkan gan-an. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe Morẹ́nikẹ́ láǹfààní kankan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Báró tí mo fi ń kó ẹrù lo wá yá láàárọ̀ yìí. O ní ìyá rẹ lọ wẹ ọmọ fún àbúrò rẹ ní Abẹ́òkúta, pé kó tó dé, o fẹ́ kó yàrá rẹ̀ síta, kí o kùn ún lọ́dà, kí o sì dáná sun àwọn àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, torí o ò rí i kó ṣí wọn rí. O fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń tì ọ́ ṣe é, ìfẹ́ náà ló kọ Ìgbálẹ̀. Àmọ́ o ò mọ ohun tí ìyá rẹ ń fi àpótí tó pa dé ṣe láràárọ̀, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Báró wà lẹ́yìnkùlé, mi ò ní fi dù ọ́. Ṣùgbọ́n jókòó ná. Fa fóònù rẹ yọ, pe ìyá rẹ níṣojú mi, kí o bi í pé, "Màmá, kí ni èyí á mú lọ lọ́wọ́ yín?" Kí o sì panu mọ́ títí yóò fi dáhùn.